Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ojú náà ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ tó ya páànù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ, nípa yíya ohun èlò onírin lórí kọ̀ǹpútà, dùn ún kà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀: pé ohunkóhun tí ènìyàn bá ti lè yà nínú CAD, ìyẹn ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yóò bá a ṣe é. Fún irin tí wọ́n ń gbẹ́ látinú odidi, ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀. Fún páànù irin, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Pẹlẹbẹ ni páànù ń ti ilé-iṣẹ́ wá, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti etí dé etí, inú pẹlẹbẹ yẹn sì ni gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ti jáde. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ṣé ojú tí mo fẹ́ yà yìí lè padà tẹ́ pẹrẹsẹ, láìjẹ́ pé ibì kan nà tàbí ibì kan sún kì?

Carl Friedrich Gauss ti dáhùn ìbéèrè yìí láti ọdún 1827. Ẹ mú ojúkò kan lórí ojú náà, ẹ wo apá ibi tó ti tẹ̀ jù lọ àti apá ibi tó ti tẹ̀ kéré jù lọ, kí ẹ sì fi iye kan sọ ìkejì di púpọ̀. Bí èsì bá jẹ́ òdo níbi gbogbo, ojú náà ṣeé tẹ́. Bí kò bá jẹ́ òdo, kò sí bọ́tìnì kankan nínú kọ̀ǹpútà tó lè tẹ́ ẹ láìparọ́. Ara páìpù tẹ̀ sí apá kan, ó gún régé sí apá kejì, nítorí náà òdo ni. Ara àrọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igbá tẹ̀ sí apá méjèèjì: bébà tí a bá fi bò ó á hun jọ létí, bó ti wù kí ọwọ́ wa rọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i kó lè yé wa dáadáa. Ìdajì bọ́ọ̀lù kan wà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 100 mm. Láti ténté orí rẹ̀ dé etí, tí a bá tọ ara rẹ̀, 157.1 mm ni. Tí a bá gé páànù róbótó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 157.1 mm, etí páànù náà yóò gùn tó 987 mm, bẹ́ẹ̀ sì rèé, etí ìdajì bọ́ọ̀lù náà kò ju 628 mm lọ. Ìyẹn ni pé etí yẹn gbọ́dọ̀ sún kì ní nǹkan bí 36%. Tí a bá sọ pé ká jẹ́ kí ìwọ̀n ojú páànù bá ti bọ́ọ̀lù mu, rédíọ́ọ̀sì páànù yóò di 141.4 mm, àárín yóò nà, etí yóò sún kì. Iṣẹ́ mọ́ọ̀dù ńlá ni èyí, tàbí iṣẹ́ òòlù. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ní ìlà kọ̀ọ̀kan kò lè dé ibẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ páànù inú CAD, yálà SolidWorks, Inventor tàbí Solid Edge, orí ojú pẹrẹsẹ, ojú páìpù àti ojú kóònù ni wọ́n dúró sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń kó sínú ìdẹkùn ni spline, ìyẹn ìlà tí ìtẹ̀ rẹ̀ ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ìlà náà rẹwà, ó ń yí geere, wọ́n á fà á jáde di ojú, wọ́n á fún un ní ìnípọn, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnì pé kó tẹ́. Àwọn ètò kan á kọ̀ ọ́, àwọn mìíràn á gbà á. Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, kí ni a fẹ́ sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, nígbà tí rédíọ́ọ̀sì ń yí padà ní gbogbo mìlímítà? Ohun tó dára jù ni kí a fi abala òbírí mẹ́ta tàbí mẹ́rin rọ́pò spline náà, kí ìparí ọ̀kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì kọjú sí ibì kan náà láìní igun. Ojú kì í sábà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n.

Ìnípọn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ ya ojú nìkan ṣáájú, láìní ìnípọn, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tó tẹ̀ àti bó ṣe tẹ̀ tó, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fún un ní ìnípọn sí apá kan ṣoṣo. Bí páànù bá nípọn tó 3 mm, tí rédíọ́ọ̀sì ibì kan lápá inú ìtẹ̀ bá jẹ́ 2.5 mm, tí ẹ sì ní kí ìnípọn lọ sí apá inú yẹn, ojú kejì yóò gba inú ara rẹ̀ kọjá. Ètò náà á kàn sọ pé kò ṣeé ṣe, kò ní sọ ìdí. Ihò àti etí tí a gé lẹ́yìn tí ìnípọn ti wọlé náà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí ojú páànù, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ lésà ṣe ń gé. SolidWorks ní Normal Cut fún èyí. Ẹni tó bá gbójú fò ó yóò ní etí tó dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán, àmọ́ tí lésà kò ní gé bẹ́ẹ̀, ihò náà kò sì ní gba bóòtù rẹ̀.

Ohun tó ń fún àwọn ènìyàn níṣòro jù ni páànù tó bẹ̀rẹ̀ ní igun mẹ́rin tó sì parí ní róbótó, irú èyí tó ń so ọ̀nà atẹ́gùn oníhà mẹ́rin mọ́ páìpù. Ẹ jẹ́ ká mú ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 600 mm sí 600 mm, kí orí rẹ̀ jẹ́ òbírí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 200 mm. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ojú pẹrẹsẹ onígun mẹ́ta mẹ́rin, àti abala kóònù mẹ́rin ní àwọn igun. Nínú SolidWorks, Lofted Bend ni a ń lò. Lofted Flange ni Inventor ń pè é. Lofted Bend kò gba ìlà atọ́nà, kò sì gba àwòrán tó pa dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àlàfo bíi 0.5 mm sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn sì lè bójú mu fún páànù tí a fẹ́ ká. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹrin ni yóò tẹ̀ ẹ́, èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ yà á ní ìdajì méjì: ìdajì onígun mẹ́rin nísàlẹ̀, ìdajì òbírí lókè. Àwòrán á ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bátànì (àwòrán rẹ̀ tí a ti tẹ́ pẹrẹsẹ) á gba orí páànù kékeré, irin ò sì ní yí po irinṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó tẹ ìlà tó kẹ́yìn. Ìlà méjì péré ni wọ́n máa jó pọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí igun ìsàlẹ̀ mú ṣónṣó. Bó bá mú, gbogbo ìlà ìtẹ̀ igun yẹn yóò pàdé ní ojúkò kan, irin á ya níbẹ̀ tàbí kó wú. Ẹ fún un ní rédíọ́ọ̀sì tó ju ìnípọn lọ ní ìlọ́po mélòó kan, kí iye ìlà àti abala òbírí tó wà nísàlẹ̀ sì bá tòkè mu, ọ̀kan sí ọ̀kan.

Mélòó wá ni ìlà ìtẹ̀ tí igun kọ̀ọ̀kan nílò? Bí a bá pín ìdá mẹ́rin òbírí yẹn sí 6, igun 15 ni apá kọ̀ọ̀kan, ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ á sì jìnnà sí òbírí tòótọ́ ní 1.71 mm láàárín. Tí a bá pín in sí 9, ó di 0.76 mm. Tí a bá pín in sí 12, ó di 0.43 mm. Ẹni tó bá rí èyí á fẹ́ pín in sí 24, àmọ́ yóò nira lórí ẹ̀rọ. Ojú V tí wọ́n ń tẹ irin lé a sábà fẹ̀ tó ìlọ́po 8 ìnípọn, ìyẹn 16 mm fún páànù 2 mm. Ní pípín sí 12, àyè tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì lókè jẹ́ nǹkan bí 26 mm. Ní 24 ó di 13 mm, kò tó fífẹ̀ V náà mọ́, ìlà tó ṣáájú á sì sún mọ́ etí V jù nígbà tí wọ́n bá ń tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, 8 tàbí 9 ti tó fún ọ̀nà atẹ́gùn, nítorí páìpù tí wọ́n máa jó mọ́ ọn á fà á padà sí róbótó.

Kóònù pípé rọrùn ju èyí lọ, àmọ́ ó yẹ kí ènìyàn lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ láti fi yẹ kọ̀ǹpútà wò. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 600 mm ní dayámítà, tí òkè jẹ́ 200 mm, tí gíga jẹ́ 400 mm, rédíọ́ọ̀sì ńlá bátànì jẹ́ 670.8 mm, kékeré 223.6 mm, igun rẹ̀ sì jẹ́ 161.0. Àárín ìnípọn ni a ti ń wọn dayámítà wọ̀nyí o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ wo páìpù lásán tí ìta rẹ̀ jẹ́ 500 mm, tí páànù rẹ̀ jẹ́ 3 mm: gígùn tó tọ̀nà ni 1561.4 mm. Ẹni tó bá fi ìta ṣírò á gé 1570.8 mm, yóò sì fi 9.4 mm lé e. Kí ẹ sì fi àjẹṣẹ́kù sí orí méjèèjì tí rólà ò ní lè tẹ̀, kí ẹ gé e kúrò lẹ́yìn náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìjópọ̀ á ṣe ṣónṣó bí ìdí ẹyin.

Nípa K-factor, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe gba iye tí ètò náà bá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sọ ibi tí ìlà tí kò nà tí kò sì sún kì wà nínú ìnípọn, ó sì sábà máa ń wà láàárín 0.33 àti 0.5. Fún páànù 2 mm, rédíọ́ọ̀sì inú 3 mm, igun 90, iye irin tó wà nínú ìtẹ̀ kan jẹ́ 6.10 mm bí K bá jẹ́ 0.44, àmọ́ ó jẹ́ 5.75 mm bí ó bá jẹ́ 0.33. Ìyàtọ̀ 0.35 mm lè dà bí eré, ṣùgbọ́n ní ìtẹ̀ mẹ́jọ ó ti di 2.8 mm, ihò bóòtù méjì kò sì ní kojú ara wọn mọ́. Ẹ gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní 100 mm gẹ́lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 90 lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ lò gan-an, kí ẹ wọn apá méjèèjì láti ìta. Bí àròpọ̀ wọn bá jẹ́ 103.9 mm, K yín jẹ́ nǹkan bí 0.44. Irin tó bá yàtọ̀, tàbí V tó bá yàtọ̀, nílò ìdánwò tirẹ̀. Fún ohun tí a fi rólà ká, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tóbi gan-an ju ìnípọn lọ, 0.5 ló dára.

Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé irin máa ń fẹ́ padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀. Páànù irin aláìdípẹtà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju irin lásán lọ. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń tún ìyẹn ṣe. Ẹ má ṣe yí àwòrán padà nítorí rẹ̀.

Bí ojú náà bá wá tẹ̀ sí apá méjèèjì tí kò sì sí ọ̀nà míì ńkọ́? Rhino, ètò ìyàwòrán míì, ní àṣẹ UnrollSrf fún ojú tó ṣeé tẹ́, ó sì ní Squish fún èyí tí kò ṣeé tẹ́. SolidWorks ní Flatten nínú ẹ̀dà Premium. Wọ́n á mú bátànì jáde, wọ́n á sì fi hàn ibi tí irin ní láti nà tàbí kó sún kì. Àwòrán nínà yẹn ṣe pàtàkì ju bátànì lọ, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í wò. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ lè mú un. Bó bá di 20%, ẹ pín ojú náà sí wẹ́wẹ́, kí abala kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ti páìpù tàbí ti kóònù, kí a sì jó wọn pọ̀. Irú pípín bẹ́ẹ̀ ló mú kí wọ́n lè kọ́ ilé ọnà Guggenheim ní Bilbao, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1997. CATIA, ètò tí ilé-iṣẹ́ Dassault ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú, ni ẹgbẹ́ Frank Gehry, ayàwòrán ilé náà, fi yà á, titanium tó nípọn ní 0.38 mm péré ni wọ́n sì fi bò ó, ní pẹlẹbẹ kéékèèké. Bí pẹlẹbẹ kan bá ṣe kéré tó ni nínà tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń dín kù tó.

Tí ó bá di fífi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gé e, ẹ fi ìlà ìtẹ̀ sí ìpele ọ̀tọ̀ nínú fáìlì DXF (fáìlì àwòrán tí a ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ lésà), kí lésà má baà gé páànù náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n gígùn kan sí i kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bóyá mìlímítà ni tàbí íǹṣì. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ rárá, ẹ tẹ bátànì náà jáde sórí páálí ní ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ gé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìlà rẹ̀. Bí etí méjèèjì kò bá pàdé nínú páálí, irin náà kò ní pàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ń ya páànù