Àkànní, Ẹ́ńjìnì Ti Wọlé, Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ Ṣì Kù

Òṣogbo,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Màmá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun, mo ti jíṣẹ́ wọn báyìí. Ara wọn le. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀.

O ó máa wò ó pé kí ló gbé lẹ́tà dé nígbà tá a jọ wà lórí WhatsApp tọ̀sán tòru. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbé fóònù láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti ní, "Àkànní, nípa mọ́tò yẹn," wàá ti gbà á lẹ́nu mi, wàá máa dúpẹ́, wàá ní bí kì í bá ṣe tèmi ni, àwọn mẹkáníìkì ì bá ti jẹ owó rẹ bí ẹni jẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ á sì padà sí mi nínú. Ìwé ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Kà á tán kó o tó pè mí, mo bẹ̀ ọ́.

Camry rẹ ti ń rìn. Kí n ti fi ìyẹn fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ ná. Àná ni mo fi gbé Màmá lọ sí Ọjà Ọba. Nígbà tá à ń bọ̀, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọlá-Ìyà, abẹ́rẹ́ ooru ò kúrò láàárín. Ẹ́ńjìnì náà dákẹ́ débi pé Màmá bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ti kú.

O rántí mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Èmi ni mo mú un wá. Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti bulọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ rẹ̀, ló jó, ó tú orí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó gbowó. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, tí rádíátọ̀ ń gbẹ bí ẹni tó jẹ èkuru tí kò rómi mu. Ó ní ká gbé e padà wá, kí òun tún fi gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìgbà náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá kan lójú ọ̀nà Ìkìrun. Bàbá yìí kì í sáré. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bi mí pé mọ́tò ọdún wo ni. Mo ní 2004. Wọ́n ní, "Big Daddy. Ẹ́ńjìnì 2AZ." Wọ́n mi orí bí oníṣègùn tó ti mọ àìsàn kó tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nìyí, mo sì fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n torí ó kan ohun tí mo fẹ́ sọ. Alumíníọ́ọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì yẹn. Bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló de tọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Nínú àwọn Camry oní-2.4 tó jáde láti 2002 sí 2006, tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó yí inú ihò po tí bọ́ọ̀tì ń dì mú, máa ń jẹ nínú ihò àwọn bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn bó bá pẹ́ tí ooru ti ń mú un. Bó bá ti jẹ, bó ti wù kó o fún bọ́ọ̀tì tó, á kàn máa yí lófo ni, omi á máa gba àárín jáde. Ọgọ́rùn-ún gásíkẹ́ẹ̀tì ò lè ràn án. Wọ́n lè lu ihò náà kó fẹ̀ sí i, kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì irin há a. Bàbá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tiwa ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, wọ́n fi hàn mí: omi ti wọnú ọ́ìlì, ó ti dà bíi tíì oní-mílíìkì. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ ta á. Ohun kan ń kan kókókó nísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnì yìí gbóná gan-an lọ́jọ́ kan. Ẹni tó wà á lọ́jọ́ náà, ṣé kò rí abẹ́rẹ́ ni?"

Àkànní, mo ní, "Mi ò mọ̀, Bàbá. Mọ́tò ọ̀rẹ́ mi ni."

Jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ó di dandan ká wá ẹ́ńjìnì mìíràn. Ọjà Géètì ní Ìbàdàn la kọ́kọ́ lọ, èmi àti Bàbá, torí ó sún mọ́ wa ju Èkó lọ. A rí ẹ́ńjìnì méjì. Èyí àkọ́kọ́, Bàbá ṣí ìdérí ọ́ìlì, wọ́n fi ìka ha inú rẹ̀, ohun dúdú kan tó le bí àmàlà àná bá ìka wọn jáde. Wọn ò tiẹ̀ béèrè iye tó jẹ́. Èkejì, wọ́n tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi sípánà ń yí ẹ́ńjìnì náà, wọ́n ní kí n máa fi àtàǹpàkò dí ihò plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́ta ta àtàǹpàkò mi dànù. Ìkẹrin kàn rọra fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́wọ́ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná. Bàbá ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní." Inú bí ọlọ́jà náà, ó ní ṣé ẹ́ńjìnì la wá rà ni àbí ìyàwó la wá fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Làdípọ̀ ní Muṣin. O mọ Làdípọ̀. Ẹni tí ò bá lajú, wọ́n á tà á pọ̀ mọ́ ọjà. Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ń pe gbogbo àlòkù tó bá ti ojú òkun wá, ì báà jẹ́ Jàpáánù ló ti ṣẹ̀ wá. Ọlọ́jà kan tí Bàbá mọ̀ gbé ọ̀kan jáde, ike tí wọ́n fi dí àwọn ihò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ta ọwọ́ mi dànù. Ó pè é ní ₦1,200,000. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lọ. Mo rò pé eré ni, àṣé tọkàntọkàn ni. A ti dé títì kó tó ní kí wọ́n pè wá. ₦780,000 la rà á. O sọ fún mi nígbà kan pé lókè òkun lọ́hùn-ún, bí ẹ́ńjìnì mọ́tò tó ti gbó bá kú, wọ́n á kàn fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ ni, torí owó iṣẹ́ ọwọ́ á ju owó mọ́tò lọ. Ta ló mọ̀, bóyá ara irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ ni wọ́n ti yọ èyí tá a rà.

Ọlọ́jà fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú rìsíìtì. Ó ní bó bá ń rú èéfín láàárín ọjọ́ méje, ká gbé e padà. "Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó gbóná, kò sí lọ́rùn mi o." Mo wolẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la dé Òṣogbo. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Jímọ̀ tí Arugbá ń lọ sódò, o ṣáà mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà. Bàbá kírun Jímọ̀ tán, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Gbogbo wọn ti lọ wo Arugbá. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Ọ̀ṣun ló nìlú. Ó dọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, lóòótọ́, wọ́n ṣe é. Irin mẹ́ta tí wọ́n so lórí pọ̀ ni wọ́n gbé bulọ́ọ̀kù ṣéènì kọ́, ọmọ kan ń fa ṣéènì, kaa, kaa, kaa, ẹ́ńjìnì àtijọ́ ń gòkè tòun ti gíá rẹ̀ bí àgbò iléyá tí wọ́n so rọ̀. Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún ló ń lẹ tépù mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan, tó ń fi báírò kọ nọ́ńbà sí i. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgùnpá. Ìlú aró la wà náà, àmọ́ aró tiwọn kì í ṣe ti ẹ̀lú. Torí pé ẹ́ńjìnì tuntun ṣì wà nílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn, pọ́ńpù omi àti ẹ́ńjìnì síítì méjì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì ń jókòó lé, tó ti ya. Brainbox tìrẹ, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, náà la dá padà. Ẹnu sẹ́ńsọ̀ méjì ò bá wáyà wa mu, wọ́n tú ti àtijọ́ sí i, rìwáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, wá parí ìyókù.

Ibì kan wà tí èmi àti Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti yọ tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnì bá ti yá, dànù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Bàbá ní dandan, tuntun ló máa wọ ibẹ̀. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ayé ló ń yọ ọ́ níbí." Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé àwọn tó ṣe mọ́tò yìí ò mọ̀ pé oòrùn wà?" Wọ́n gba ìkòkò omi tí ìyá onítíì-àti-búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé kaná, wọ́n sọ tẹ́mósítáàtì tuntun náà sí i. Omi ò tíì hó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí ẹja. Wọ́n ní bí kò bá sí i, ṣe ni brainbox á máa rò pé ẹ́ńjìnì ò tíì yá, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà epo báyìí! Mo panu mọ́. Wọ́n sì ní kí n má da omi kànga sí rádíátọ̀ mọ́ láéláé, kúláǹtì ni.

Ó dáa. Mi ò lè sún un síwájú mọ́.

Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Màmá, mo ní mo fẹ́ lọ fọ mọ́tò. Mi ò lọ fọ mọ́tò. Iléṣà ni mo lọ, ọmọ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ń ṣègbéyàwó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí mi lórí ọ̀kadà nígbà tí Camry wà. Nígbà tá à ń bọ̀, mo gbé èèyàn mẹ́rin àti kúlà méjì, mo tan AC. Mo rí abẹ́rẹ́ náà tó ń gòkè. Mo rí i, Àkànní. Mo pa AC, mo ní á rọlẹ̀. Ẹnì kan ń sọ̀tàn lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ dúró láàárín igbó kí n wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ó dórí pupa. Mò ń lọ. Ẹnu ìlú wa ni ó ti kú fúnra rẹ̀, èéfín funfun sì gba bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ra píọ̀ wọ́tà ogún, mo dà á sí i lára nígbà tí ìgbóná rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ rárá. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún Bàbá níkẹyìn, wọ́n fọwọ́ lérí.

Bàbá ní tírẹ́ẹ̀dì yẹn lè ti máa jẹ tẹ́lẹ̀, kí n tó gun mọ́tò náà. Èmi náà ti fi ìyẹn tu ara mi nínú lóru. Ṣùgbọ́n ká ní mo dúró lọ́jọ́ náà ni, omi tó ń jò là bá máa wá nǹkan ṣe sí, kì í ṣe ẹ́ńjìnì là bá máa rà.

Màmá ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Abọ́ ike kan tí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó náà, tí wọ́n kọ Iléṣà gàdàgbà sí, wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Àwọn ni wọ́n rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo gbé mọ́tò dé láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bu ìrẹsì fún mi, inú abọ́ yẹn ni wọ́n bù ú sí. Wọ́n ní, "Jẹun. Bó o bá jẹun tán, kọ̀wé sí Àkànní."

Owó rẹ nìyí. Mílíọ̀nù kan lo fi ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnì, ₦780,000. Owó ẹrù láti Èkó, ₦25,000. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá, ₦80,000. Ọ́ìlì, kúláǹtì, síìlì, pọ́ńpù àtàwọn yòókù, ₦64,500. Rìwáyà, ₦15,000. Ó ku ₦35,500, ó wà lọ́wọ́ Màmá. Mo ti fi ₦250,000 sí àkáǹtì wọn láti inú àjọ tí mo kó, màá máa san ìyókù lóṣooṣù títí á fi pé ìdajì gbogbo rẹ̀. Bó o bá ní gbogbo ẹ̀ ni kí n san, mi ò ní jiyàn. Jọ̀ọ́, má sọ pé kí n gbàgbé ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, nǹkan tó o fẹ́ sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ṣì kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ò bá èyí tó wà nínú ìwé mọ́tò mu mọ́. Mo ti lọ búra ní kóòtù, rìsíìtì Làdípọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mò ń lọ sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n yí i padà, kí ọlọ́pàá má baà sọ wá di olè lójú ọ̀nà. Fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí mi, àti lẹ́tà ṣókí pé ìwọ lo ní kí n ṣe é.

Ẹ́ńjìnì àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé yín lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ti dá owó lé e. Bàbá ní ká kọ́kọ́ yọ àwọn ohun tó ṣì dáa lára rẹ̀, ká tó tà á. Ṣùgbọ́n adìẹ Màmá ti yé ẹyin mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ti sàba lé wọn láti àárọ̀ àná. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ títí á fi pa wọ́n. O ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti rò ó wò.

Èmi ni,
Àyìndé.