Kì í Ṣe Gbogbo Hóòsì Ló Lè Gbé Ọ́ìlì Gbígbóná

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka lẹ́tà awakọ̀ kan tí ẹ gbé jáde, ẹni tó ní àwa mẹkáníìkì ń fi ọ̀rọ̀ hóòsì ọ́ìlì kúlà, ìyẹn ohun tó ń mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tutù, lu àwọn ọlọ́kọ̀ ní jìbìtì. Ó ní rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́, pé kí ló dé tí a kò lè gé hóòsì rẹdiétọ̀, ká fi kílíìpù dè é, kí ọkọ̀ máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ́ wá bá wa ní Ìwó Road níbí, tí ẹ́ńjìnì ti nọ́kì.

Ọ́ìlì kúlà táwọn ọlọ́kọ̀ èrò ń fi kún ọkọ̀ wọn, ìdí fílítà ló ti ń gba ọ́ìlì. Àwo irin kan ni a máa ń ki sáàárín fílítà àti ẹ́ńjìnì. Hóòsì kan á gbé ọ́ìlì lọ sí kúlà níwájú ọkọ̀, èkejì á gbé e padà, kó tó dé ọ̀dọ̀ bíárìn kìráńkì, ibi tí irin kìráńkì ti ń yí nínú ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì bọ̀ gan-an ló wà nínú hóòsì yẹn. Tí ọkọ̀ bá wà lórí eré, agbára tó fi ń tì, tí a fi bar ń wọ̀n, lè tó bar 4 tàbí 5. Láàárọ̀ kùtù, tí ọ́ìlì ṣì ki, ó lè ju bar 7 lọ. Omi inú rẹdiétọ̀ ńkọ́? Bar 1 àti díẹ̀ ni. Tí hóòsì bá sì já lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì á dà sí títì kí awakọ̀ tó ṣíjú wo iná pupa.

Agbára nìkan kọ́. Irú rọ́bà kan tó ń jẹ́ EPDM ni wọ́n sábà ń fi ṣe hóòsì omi, ọ́ìlì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Á mu ọ́ìlì, á wú, á rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ inú tíì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan tí a tú lára bọ́ọ̀sì. Inú rẹ̀ ti ń bó, èépá dúdú ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ibi tí kílíìpù ti dè é sì ti gé wọnú títí kan òwú. Èépá yẹn, ọ̀nà bíárìn ló forí lé.

Hóòsì tí inú rẹ̀ jẹ́ nitrile, rọ́bà tí ọ́ìlì kì í tètè bà jẹ́, ló bá ọ́ìlì mu. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Hóòsì háídrọ́líìkì tí wọ́n ń pè ní R1, 100°C ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ tó rù ẹrù gun òkè lè kọjá 110°C. Èyí tó bá gba 125 tàbí 150 ni kí ẹ bèèrè. Kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ fítíìnì, ìyẹn irin tí a fi ń so hóòsì mọ́ kúlà, mọ́ ọn lẹ́nu, kì í ṣe kílíìpù.

Fítíìnì náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Èyí tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní 37° wà lórí àtẹ, tí 45° náà wà níbẹ̀. Ní ìwọ̀n 5/8 íǹṣì, téèdì kan náà, 7/8-14 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7/8 íǹṣì, ojú téèdì 14 sì wà nínú íǹṣì kan), làwọn méjèèjì ń lò, nítorí náà wọ́n á wọra wọn, ọwọ́ á sọ pé ó ti mú. Àmọ́ ẹnu wọn kò bára mu rárá. Ọ́ìlì á máa jò, ọmọṣẹ́ á tún fún un, á tún fún un, títí téèdì kúlà, tó jẹ́ alumíníọ̀mù, á fi bó. Spánà méjì la fi ń ṣe é: ọ̀kan á di ẹnu kúlà mú, èkejì á yí nọ́ọ̀tù. Bákan náà ni ìdí fílítà: ọ̀pọ̀ Toyota ń lo 3/4-16, Honda ń lo M20x1.5, tó jẹ́ ti mílímítà. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má sì wé téèpù funfun mọ́ ọn, torí ó ń já wọ inú ọ́ìlì.

Ẹ jẹ́ kí hóòsì gùn díẹ̀, torí ẹ́ńjìnì ń mì, kó sì jìnnà sí sàláńsà. Kúlà tòkunbọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti tú u bá ti nọ́kì rí, èérún irin wà nínú àwọn ojú ihò rẹ̀ tóóró, fífọ̀ kì í sì í kó gbogbo rẹ̀ jáde. Tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ta hóòsì ní Gate níbí àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó: ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gé hóòsì fún oníbàárà, ẹ bi í ní ohun tó máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan,
Ìwó Road, Ìbàdàn.