Rẹsítọ̀ mẹ́ta lórí bátìrì fóltì 12

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé òtútù ọ̀hún ò le jù?

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́: bátìrì fóltì 12, rẹsítọ̀ (ohun kékeré tó ń dènà iná nínú wáyà) 100 ómù, ìyẹn ìwọ̀n ìdènà rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ 220 àti 330 tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. O ro gbogbo wọn pọ̀, o ní 650. Rárá o.

Kí o tó ṣírò ohunkóhun, fi ìka tọ wáyà láti orí bátìrì. Níbi tí ọ̀nà ò ti yà, kọ́rẹ́ǹtì (iná tó ń ṣàn) kan náà ló ń kọjá, ibẹ̀ lo ti ń ro ómù pọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti pín tó sì tún padà pàdé, fóltì kan náà ló wà lórí wọn. Sọ 220 àti 330 di púpọ̀, ó di 72,600. Fi àròpọ̀ wọn, 550, pín in: 132 ómù. (Fún rẹsítọ̀ méjì péré, èyí yá ju ìdá-ìdá tí wọ́n ń kọ́ wa.) Bí èsì rẹ bá ju 220 lọ, o ti ṣì í. Fi 100 kún un, 232 ni bátìrì ń rí.

Fi 232 pín 12: áńpù 0.0517, ìyẹn mílíáńpù 51.7. 0.0517 lọ́nà 100, fóltì 5.17 á wà lórí 100, 6.83 á wà lórí àwọn méjì yòókù. 220 á gba mílíáńpù 31, 330 á gba 20.7. Rò wọ́n pọ̀ wò.

100 yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Fóltì 5.17 lọ́nà 0.0517, wáàtì 0.267 nìyẹn (ìwọ̀n agbára tó ń di ooru), bẹ́ẹ̀ 0.25 ni agbára àwọn kékeré tó wọ́pọ̀. Á gbóná gan-an, ó sì lè bàjẹ́. Fi oníwáàtì 0.5 tàbí 1 rọ́pò rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ wọn ómù, yọ bátìrì kúrò. Síbẹ̀, bí o bá wọn 220 níbi tó wà, 132 ni mítà á sọ, torí 330 ń bá a pín in. Tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì, já wáyà kí o fi mítà sí àlàfo náà. Má fi mítà tó wà lórí áńpù kan orí àti ìdí bátìrì, fíúsì rẹ̀ á jó.

Bí o bá rí fóltì 6.98 dípò 6.83 lórí 220 àti 330, má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lákọ̀tun. Ìlà góòlù ara rẹsítọ̀ fàyè gba ìdá 5 nínú 100 sókè sódò. Bí 100 bá jẹ́ 95, ohun tí o máa rí nìyẹn. Wọn ọ́n lọ́tọ̀ kí o tó fi òjé jó o mọ́ ibẹ̀, kí o sì kọ iye rẹ̀ sí mi.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Délé