Ẹ má gbàgbé Guido Rossa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Brigate Rosse, ẹgbẹ́ agbébọn kan ní Ítálì, Aldo Moro, olórí ìjọba Ítálì tẹ́lẹ̀ rí tí ẹgbẹ́ náà jí gbé tí wọ́n sì pa lọ́dún 1978, nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ. Guido Rossa ńkọ́? Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin Italsider ní Genoa ni, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì pẹ̀lú. Ó fi ẹni tó ń pín ìwé Brigate Rosse níbi iṣẹ́ sùn, ó sì jẹ́rìí ní kóòtù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1979, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi yìnbọn pa á nínú Fiat 850 rẹ̀. Àwọn tó ní torí òṣìṣẹ́ làwọn ṣe gbébọn! Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dárúkọ rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta