Bàámi, ṣé wọ́n ti sàmì fún mi rí?

Bàámi,

Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ò lè dé ibi tẹ́ ẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kún inú mi jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù ló fà á. Tí àgbàlagbà bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, kíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ máa fi í sí. A kọ́ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, a kọ́ Òfin Mẹ́wàá, a mú Àdúrà Olúwa ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì gbádùn ẹ̀ gan-an torí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn látọjọ́ yìí, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí ni wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, mo kọ gbogbo ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni pé ṣé wọ́n ti sàmì fún mi rí, níbo, ọdún wo. Báírò dúró lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ̀, Bàámi. Mọ́mì ti lọ, ẹ̀yin náà ti lọ, Àǹtí Àgbà ní àwọn ò rántí nǹkan kan, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Mo tú gbogbo ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, mo rí rìsíìtì, mo rí rìpọ́ọ̀tì iléèwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi pàápàá ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ wá jọ̀ọ́, báwo lẹni tó tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ ò ṣe ní kọ ìyẹn síbì kan?

Àlùfáà wa ní wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ti fi omi ṣe é fún èèyàn ní ìkókó, lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ó ti dé orí ẹ̀ nìyẹn, kódà kó má rántí, kódà kó má wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọ míì ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìkókó ò tíì gba nǹkan kan gbọ́, kó dàgbà kí wọ́n tó rì í wọnú omi tán pátápátá. Wọ́n jiyàn ẹ̀ ní kíláàsì wa náà, ẹnì kan mú onítúbú ìlú Fílípì inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 16, pé òun àti gbogbo ará ilé ẹ̀ ni wọ́n rì bọmi lóru ọjọ́ yẹn, ṣé ìkókó ò lè wà nínú ilé ni, ẹlòmíì ní Bíbélì ò ṣáà dárúkọ ìkókó kankan níbẹ̀. Wọ́n ń jiyàn, èmi ń ronú yín.

Ṣẹ́ ẹ rántí ọjọ́ tá a gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá? Mo kéré nígbà yẹn, ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ yín, Mọ́mì ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń kọrin nínú, ẹ kàn dúró. Mo gbójú sókè, mo rí i tí ètè yín ń mì. Ẹ ń kọ ọ́, Bàámi, ẹ ń kọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n parí ẹsẹ kan, ẹ bá wọn bọ́ sórí ìkejì, kò síbi tẹ́ ẹ ti kọsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní Bíbélì nílé! Mọ́mì bá wa níbẹ̀, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ fọwọ́ mi sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, a lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan títí a fi délé. Kò pẹ́ rárá, orin náà ò tíì parí tá a fi kúrò, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti rí fọ́ọ̀mù yẹn, òun ni mo ń bá sùn, òun ni mo ń bá jí. Ta ló kọ́ yín lórin yẹn? Kí ni wọ́n ṣe fún yín níbẹ̀ tẹ́ ẹ fi jáde? Àbí Mọ́mì ni ò fẹ́?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà kí iléèwé tó kọ́ mi. Kò sí ohun tí mo bi yín rí tẹ́ ò dáhùn. Èyí nìkan lẹ fi pamọ́ fún mi, ó ń dùn mí.

Olùkọ́ wa sọ ìtàn Augustine fún wa, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá ìjọ Kristẹni àtijọ́. Ó ṣàìsàn ní kékeré, Monica ìyá ẹ̀ ti ń múra kí wọ́n sáré ṣe ìrìbọmi fún un, ara ẹ̀ yá, wọ́n bá sún un síwájú, ó di Àjíǹde ọdún 387 kí Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Mílàn, tó ṣe é fún un níbẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Gbogbo kíláàsì ń sọ̀rọ̀ Monica àti omijé ẹ̀. Èmi, bàbá ni mo mú, Patricius, tó jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ayé ẹ̀ ló tó di Kristẹni. Mo fẹ́ mọ ohun tí òun náà ń rò nígbà tọ́mọ ń ṣàìsàn.

Nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ tèmi, àlùfáà ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Mo tẹrí ba, ó ní, "Bí a kò bá tí ì baptisi rẹ, mo baptisi rẹ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Omi yẹn tutù, ó gba ẹ̀yìn etí mi ṣàn wọ inú kọ́là. Inú mi dùn, Bàámi, ayọ̀ tí mo ní lọ́jọ́ yẹn mi ò lè fẹnu sọ ọ́ tán. Síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ mọ ìdajì àdúrà yẹn, ẹ sì ti gbé e lọ.

Ọkọ mi ò wá. Kò bínú pé mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì dunnú sí i, tí mo bá ti fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí níbẹ̀, ó ti gbé fóònù ẹ̀. Àtìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó rò pé wàhálà yẹn ló lé mi lọ bá Ọlọ́run, bíi pé mò ń lọ fẹjọ́ òun sùn. Nǹkan ò rọrùn fún wa. Mo ń gbàdúrà, ọkàn mi sì ń balẹ̀ tí mo bá ń gbà á, ṣùgbọ́n owó ilé ò tíì pé.

Ọmọ wa obìnrin ló bá mi lọ. Iwájú ló jókòó sí, ó rí gbogbo ẹ̀. Lálẹ́ ó bi mí lójú bàbá ẹ̀, "Mọ́mì, èmi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣe tèmi?" Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ lòun ń wò, nígbà tó yá ó ní kó dàgbà ná, kó mú èyí tó bá wù ú. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún un, mo fẹ́ ẹ gan-an, mi ò sì fẹ́ kó di ìjà nínú ilé tí nǹkan ti le tẹ́lẹ̀. Mo ní a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. A ò tíì sọ ọ́.

Ṣé bí tiyín náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Bàámi? Ṣé ẹ̀yin àti Mọ́mì ní ẹ máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni?

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́