Lẹ́tà sí Adéwálé lórí ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò MBA

Agbègbè Òkè-Fìà,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ẹ̀kọ́, mo sì kí ọ kú àjò. Ara gbogbo wa le níbí. Ìyá mi ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí gàrí rà ní Pune, ní Íńdíà lọ́hùn-ún.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní àwọn tí ẹ jọ wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ti ń sanwó sí ilé lẹ́sìnnì tí wọ́n ti ń múra fún CAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé ṣe MBA (oyè ìjìnlẹ̀ lórí ìṣàkóso okòwò) ní Íńdíà, pé àwọn tó ṣáájú yín kò tilẹ̀ rí oorun sùn mọ́ nítorí tiwọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, àti pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ọkọ̀ má ti fi ọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kò fi ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tí ọkọ̀ tí wọ́n ń lé yẹn ń lọ ni ìwọ náà ń lọ.

CAT ni àwọn IIM, ìyẹn àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò ti ìjọba Íńdíà, bí èyí tó wà ní Ahmedabad àti èyí tó wà ní Calcutta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, fi ń mú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, èsì rẹ̀ kò sì wúlò kọjá ìgbàwọlé ọdún náà. Nítorí náà, ọmọ Íńdíà tó bá fẹ́ wọ IIM ní kété tó bá gboyè gbọ́dọ̀ ṣe é ní oṣù Kọkànlá ọdún àṣekágbá rẹ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún kẹta, oṣù mẹ́wàá ló ní, ó sì tó o. Kánjúkánjú àwọn ẹgbẹ́ rẹ nídìí. Ìwọ àlejò ni ní tìrẹ, àwọn IIM máa ń gba èsì GMAT, ìdánwò ìgbàwọlé MBA tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé, lọ́wọ́ àlejò, ìwọ fúnra rẹ sì ti sọ fún mi pé o fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kó o tó lọ ṣe MBA, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fẹ́. Ìgbàkígbà nínú ọdún ni ènìyàn lè ṣe GMAT, èsì rẹ̀ sì ń gbé fún ọdún 5. Bó o bá gboyè ní 2027, tó o sì ṣe é kí ọdún yẹn tó parí, títí di 2032 ni yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ.

Ọdún márùn-ún yẹn náà ló tàn mí jẹ. Nígbà tí mo wà nídìí IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́fà, ní 400 level, wọ́n fi mí sí iléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí iṣẹ́ mi kò ti ju kí n lọ ra àmàlà fún àwọn ọ̀gá. Láti aago méjì ọ̀sán ni mo ti máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, n kò sì ṣí ìwé kankan, torí mo gbà pé àkókò pọ̀. Ìgbà tó ku oṣù méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ní 500 level, lásìkò tí ẹ̀rọ ìbógẹ̀ẹ́ tí mo ń ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá mi kọ̀ tí kò bó ẹ̀gẹ́, tó kàn ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo lọ ṣe GMAT náà ní Èkó ní oṣù Kẹjọ 2024, mo sì gba 495, nínú ìdánwò tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 205 dé 805.

Ìṣirò tí mo fọkàn tán jù ló sì kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ìbéèrè 21 ni, ìṣẹ́jú 45, wọn kò sì gbà kí a lo ẹ̀rọ ìṣirò níbẹ̀. Calculus kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni geometry, èyí tí wọ́n yọ kúrò nígbà tí wọ́n sọ ìdánwò náà dọ̀tun ní 2023. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìpín, àti nọ́ńbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mọ̀ ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti bá wa ro nǹkan fún ọdún púpọ̀ débi pé ọkàn wa kò lè yára mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó ti ìyá mi ní ìsọ̀ àdìrẹ wọn. Oníbàárà kan fẹ́ yáàdì 13, ₦1,850 sì ni yáàdì kan. Mo nawọ́ sí fóònù. Kí n tó ṣí i, ìyá mi ti ní, “Mẹ́wàá jẹ́ 18,500, mẹ́ta jẹ́ 5,550, ẹ mú 24,050 wá.” Wọ́n wá yíjú sí mi: “Ẹnjiníà, ṣé fóònù rẹ ti dáhùn?” Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ná ọjà, ohun tí n kò rí rí ní Òṣogbo.

Ti ìwé kíkà tún le ju ìyẹn lọ. Ìbéèrè 23 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí kí ènìyàn ka àyọkà kan, kó mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ, ohun tó fẹ̀yìn tì, àti ibi tí àríyànjiyàn rẹ̀ ti jò. Àwa tí a fi ọdún mẹ́ta mẹ́rin ka fọ́múlà àti hándáàtì kò lè fi oṣù méjì há irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí. Èyí ni mo fi ń sọ fún ọ pé ọdún kẹta gan-an ló yẹ kó o bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú owó lẹ́sìnnì. Máa ka àyọkà gígùn kan lójoojúmọ́ lórí ohun tí kò bá wù ọ́, ètò ọrọ̀ ajé, ìtàn, tàbí àìsàn ohun ọ̀gbìn, kó o sì fi gbólóhùn méjì sọ ọ́ fún ara rẹ. Má fi fóònù ṣírò owó ọjà mọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ kò ní pa ẹ̀kọ́ rẹ lára.

Ìmúrasílẹ̀ gidi tó ní ìwé àti aago, fi oṣù mẹ́fà sí i lẹ́yìn tó o bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ, kó o má fi dí iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́. Bí èmi ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, nígbà tí mò ń sin ilẹ̀ bàbá wa ní Ìlọrin: mo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, mo ṣe é ní oṣù Keje, mo sì gba 635. Ìpín kẹta tó dá lórí àtẹ àti àwòrán ìsọfúnni kò ní dà ọ́ láàmú, wọ́n tilẹ̀ gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè níbẹ̀. Má gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kankan, torí àwọn tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2023 ṣì kún fún ohun tí wọ́n ti yọ kúrò. Bó o bá sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀, rí i pé bí orúkọ rẹ ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà náà lo ṣe kọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé o máa ń dín Adéwálé kù sí Wálé.

GMAC tó ni ìdánwò náà ní ìdánwò ìdánrawò méjì tí wọn kì í gbowó lé. Ṣe ọ̀kan nínú ìsinmi oṣù Kejìlá láì múra rárá, fi ìkejì pamọ́ di 2027, kó o sì kọ máàkì tó o bá gbà sí mi, bó ti wù kó kéré tó. Tèmi àkọ́kọ́ kò dé 450, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Kọ́láwọlé.