Orin Tí Ọmọ Wa Fi Ń Jí

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé ilé tòòrò. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa obìnrin yẹn pa mí lẹ́rìn-ín: orin “àwa obìnrin la ni ayé” ló fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn, ó tún wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. O ní ṣé kí o fi í sílẹ̀ ni, àbí kí o pè é jókòó? Méjèèjì ni.

Ṣé o rántí Spice Girls, àwọn obìnrin márùn-ún olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn? Nígbà tí wọ́n gbòde ní 1996, “agbára ọmọbìnrin” ló wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Àwọn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣáájú wọn, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ orin pọ́ńkì, orin rọ́ọ̀kì aláriwo, ní Amẹ́ríkà, irú ẹgbẹ́ olórin Bikini Kill, ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ìfipábánilòpọ̀ ni wọ́n ń bá jà, àti àwọn ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí obìnrin ráyè dúró níwájú pèpéle. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé ara agolo Pepsi, ìjà ti yọ kúrò nínú rẹ̀, adùn nìkan ló kù.

Mi ò sọ pé kò wúlò o. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé kó panu mọ́ nílò ẹni tí yóò ní kó lanu. Nígbà tí Beyoncé fi ohùn Chimamanda Adichie, òǹkọ̀wé wa, sínú orin rẹ̀, tó sì dúró níwájú ọ̀rọ̀ FEMINIST (ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin) gàdàgbà lórí pèpéle MTV ní 2014, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní ṣí ìwé kankan lórí ọ̀ràn yìí ló gbọ́ ọ. Mo gbà fún un.

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé orin a máa sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti parí. Lónìí, nínú gbogbo àga ilé aṣòfin àgbáyé, nǹkan bí 27 péré nínú 100 ni obìnrin jókòó sí. Ọmọ tó ti gbà pé òun ló ni ayé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó tó kéré sí ti ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un, ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Yóò ní bóyá òun ò nígboyà tó ni, bóyá òun ò mọ̀ ọ́n béèrè. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó pín owó oṣù lọ̀rọ̀ kàn.

Tún wo àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí pawó. Láti 2004 ni Dove, àwọn ọlọ́ṣẹ yẹn, ti ń polówó pé kí obìnrin fẹ́ràn ara rẹ̀ bó ṣe wà. Ilé iṣẹ́ Unilever ló ni Dove. Unilever yìí kan náà ló ń ta Fair & Lovely, ìpara tó ń ṣèlérí àwọ̀ pupa fún obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ní 2020 wọ́n yí orúkọ ìpara náà padà, wọ́n sì ń tà á lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àbí?

Èmi ì bá kúkú sọ ìtàn orílẹ̀-èdè Iceland fún un. Ní October 24, 1975, nǹkan bí 90 nínú 100 obìnrin ibẹ̀ ló pa iṣẹ́ tì, ti ọ́fíìsì àti ti ilé. Àwọn bàbá kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Sọ́sééjì tán lọ́jà, torí òun ló rọrùn jù fún wọn láti sè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣòfin ìdọ́gba. Ní 1980, wọ́n dìbò yan obìnrin, Vigdís Finnbogadóttir, ní ààrẹ.

Lẹ́yìn náà, bi í pé nínú orin àti òfin, èwo ni èèyàn lè fi pe ọ̀gá iṣẹ́ lẹ́jọ́? Má sọ ìdáhùn fún un. Bó bá bínú, kó kọ̀wé sí mi, mo ti múra sílẹ̀ dè é.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́